Orí Kẹfà: Nígbà Tí Iyè Bá Ń Rà Nínú Ilé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe ìgbàgbé ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí. Ìjà ni. Màmá wá àpò owó wọn tì, wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló jí i. Wọ́n lé ọmọ náà lọ, wọ́n mú òmíràn wá, òun náà tún di olè kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìyàwó ilé, ẹni tó ti ń pè wọ́n ní màmá láti ogún ọdún wá: wọ́n ní ó ń bu nǹkan sínú ọbẹ̀ àwọn. Ọkọ rò pé ìyàwó òun ló ṣẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé pé jọ láti kìlọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ dé iwájú mọ̀lẹ́bí, wọ́n parí rẹ̀, kò parí. Ó lè tó ọdún kan tàbí méjì kí ẹnìkan tó tú àpótí aṣọ, kó bá àpò owó mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú gèlè tí wọ́n fi wé e. Màmá fúnra wọn ló fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n fi wọ́n pamọ́ tán, wọ́n sì gbàgbé pé àwọn fi nǹkan pamọ́ rí.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ibi tí a kò ṣọ́ ni àìsàn Alzheimer máa ń gbà wọlé. À ń retí kí arúgbó gbàgbé orúkọ, a kò retí kó máa fẹ̀sùn kan èèyàn. Bẹ́ẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ àìsàn yìí nínú ìmọ̀ ìṣègùn, owú ló kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Auguste Deter ni orúkọ rẹ̀, ará Jámánì ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ rélùwéè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́, iṣẹ́ ilé ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń kó ẹrù láti ibí lọ sí ọ̀hún, ó ń fi wọ́n pamọ́, ó sì ń ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gbà á sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 péré ni.

Dókítà kan níbẹ̀, Alois Alzheimer, jókòó tì í, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni orúkọ rẹ̀? Ó ní Auguste. Kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀? Ó ní ó jọ pé Auguste ni. Ẹran wà lẹ́nu rẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n bi í pé kí ló ń jẹ, ó ní ẹ̀fọ́ ni. Nígbà tí obìnrin yìí kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906, Alzheimer ti kúrò ní Frankfurt, ó ti wà ní Munich, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ó gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó pa á láró, ó sì fi ẹ̀rọ máíkírósíkóòpù wò ó. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ròyìn ohun tó rí fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní 1910 ni ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà nínú ìwé tí àwọn dókítà fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ohun méjì tí Alzheimer rí nínú ọpọlọ yẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń bá wọ̀yá ìjà títí dòní. Ìkíní jẹ́ ìdọ̀tí tó ń ṣù jọ sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Purotéènì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ámílọ́ìdì ló ń di ìdọ̀tí náà. Kò sí ọpọlọ tí kì í pèsè ámílọ́ìdì, ara ló máa ń gbá a dànù. Nínú àìsàn yìí, èyí tó ń ṣẹ́kù pọ̀ ju èyí tí ara ń gbá lọ. Èkejì ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ táù ló ń di àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí oúnjẹ ń gbà kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì mú kí wọ́n má baà wó. Tí táù bá bàjẹ́, á lọ́ mọ́ra, á takókó, ọ̀nà oúnjẹ á wó, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Bí wọ́n ṣe ń kú lọ ni ọpọlọ ń joro. Gbogbo èyí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ṣáájú kí ará ilé tó fura sí ohunkóhun.

Ibi tí ìparun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń rú wa lójú. Abala kékeré kan wà nínú lọ́hùn-ún ọpọlọ, ní ọ̀gangan ẹ̀bátí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ń pè é ní hippocampus. Òun ló ń gba ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ wọlé, tó ń tò ó síbi tí a ó ti rí i lọ́la. Agbègbè rẹ̀ ni Alzheimer sábà máa ń kọ́kọ́ kọlù. Ẹ fojú inú wo ilé ìkẹ́rùsí tí ẹni tó ń gba ẹrù níbẹ̀ ti kú: ẹrù ọdún pípẹ́ ṣì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹrù tó dé láàárọ̀ yìí, ìta ló máa wà títí òjò á fi gbé e lọ. Ìdí nìyí tí màmá fi lè sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira ní 1960, kí wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni ò tíì fún àwọn lóúnjẹ lónìí, nígbà tí abọ́ àmàlà tí wọ́n jẹ tán ṣì wà níwájú wọn. Àwọn ọmọ a ní wọ́n ń díbọ́n. Wọn kò díbọ́n. Oúnjẹ náà kò wọ inú iyè wọn rárá, ẹnì kan kò sì lè rántí ohun tí kò wọlé.

Alzheimer kọ́ ni gbogbo iyè rírà. Rọpárọsẹ̀, pàápàá àwọn kéékèèké tí èèyàn kò mọ̀ pé òun ní, a máa gba iyè lọ́wọ́ ẹni, àwọn àrùn ọpọlọ mìíràn sì wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú gbogbo àwọn tí iyè wọn ń rà lágbàáyé, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 55, ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Alzheimer. Ọjọ́ ogbó ń mú kó rọrùn fún un láti múni, àmọ́ ogbó fúnra rẹ̀ kọ́ ni àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ àgbà ló wà tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ṣì mọ gbèsè tí ọmọ ọmọ wọn jẹ wọ́n. Ìyẹn ni mo ṣe ń bá àwọn tó ń sọ pé “ṣebí arúgbó ni wọ́n, wọ́n ń ṣarán ni” jiyàn. Gbólóhùn yẹn ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ohun tó sì wá burú ni pé àwọn àìsàn kan wà tó ń fara wé e tó sì ṣeé wò. Bí iyè ẹnìkan bá dàrú lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, Alzheimer kọ́ nìyẹn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Nínú arúgbó, ibà, àkóràn ọ̀nà ìtọ̀, òtútù àyà, àìmu omi tó, tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè mú kí èèyàn máa sọ̀sọkúsọ. Ẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn lóṣù méjì sẹ́yìn lè ní ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń gbára jọ sábẹ́ agbárí. Ẹṣẹ́ tírọ́ìdì tó ń ṣe ọ̀lẹ, àìtó fítámì B12, ìdoríkodò lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, gbogbo wọn ń fa ìgbàgbé. Oògùn náà wà níbẹ̀: àwọn oògùn ara yíyún àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn, bíi Piriton, a máa da iyè arúgbó rú. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo oògùn tí màmá ń lò sínú ọ̀rá kan, tòyìnbó àti tìbílẹ̀, ẹ gbé e tọ dókítà lọ. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn kó tó dárúkọ Alzheimer rárá: kó gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹni tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó bi aláìsàn ní àwọn ìbéèrè tó ń dán iyè wò, kó sì ya àwòrán ọpọlọ bó bá ṣeé ṣe. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní 2012. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta náà ń gbà wọ́n.

Mo ní kí wọ́n gbọ́ ìtàn lẹ́nu ará ilé, torí pé ìwà ọmọlúàbí wa máa ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀. Ìkíni wà nínú ohun tí a kọ́ láti kékeré, kò sí nínú ẹrù tuntun. Màmá tí kò mọ ọdún tí a wà yóò kí àlejò kú ìrìn, yóò béèrè ilé àti ọ̀nà, yóò béèrè ọmọ, yóò ṣàdúrà gígùn tó já geere, àlejò yóò sì lọ sọ nílé pé kò sóhun tó ṣe ìyá. Ó lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n ki oríkì ọmọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí wọ́n má sì mọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Kí ẹ lè mọ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ dájú tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ta aṣọ ní ọjà Gbági fún ogójì ọdún, ṣé wọ́n ṣì lè ṣírò ṣéńjì? Ẹni tó máa ń se ọbẹ̀ ilé, ṣé wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí wọ́n máa wo ata tí wọ́n lọ̀ wá láìmọ ohun tó kàn? Bàbá tó ń wakọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́, ṣé wọ́n ti ṣìnà rí?

Irú ìṣòro yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ dojú kọ ní Ìdìkan, àdúgbò kan láàárín ìgboro Ìbàdàn, nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1992. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣuntokun, ọmọ Òkèmèsí, tó ti di ẹni mímọ̀ káàkiri ayé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn iṣan tí ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa ń fà, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Oṣuntokun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gba iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n ń fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdìkan wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, ẹni ọdún 65 sókè, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì lọ́dọ̀ kálukú. Ọ̀pọ̀ nínú àgbà Ìdìkan kò kàwé, nítorí náà ìdánwò tó ní kí èèyàn kọ gbólóhùn tàbí kó ka ìwé kò bá wọn mu. Wọ́n ní láti ṣe ìdánwò tuntun tí ẹni tí kò kàwé lè ṣe, kí wọ́n sì jókòó ti ará ilé kí òun náà sọ ohun tó rí.

Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Indianapolis, Alzheimer ń mú èèyàn 2.52, ní Ìbàdàn, 1.15 ni. Kò tó ìdajì. Bẹ́ẹ̀, àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń mú kí àìsàn yìí tètè mú àwọn òyìnbó, wà lára àwọn Yorùbá yìí náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò rí i kó máa fa àìsàn náà láàárín wọn bó ṣe ń fà á lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Àwọn tí wọ́n fi wé ara wọn yìí bára tan láti ìdílé àtijọ́. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń gbé ayé. Àwọn ará Ìdìkan ń fẹsẹ̀ rìn, wọn kò sanra púpọ̀, ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó ti Indianapolis.

Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń fi ìwádìí yìí yangàn pé àìsàn òyìnbó ni Alzheimer. Àṣìlò pátápátá ni. Ó mú àwọn ará Ìdìkan, ó kàn mú díẹ̀ ni. Ìbàdàn ọdún 1992 sì kọ́ ni Ìbàdàn òní. Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló wà lórí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí wa sì ń gùn sí i. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé ohun mẹ́rìnlá tí a lè tún ṣe ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iyè rírà lágbàáyé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, sìgá, ọtí àmujù, orí tó fara pa àti àìkàwé wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn ni etí tó di àti ìdáwà. Arúgbó tí kò gbọ́ràn mọ́ a máa yẹra fún ìtàkúrọ̀sọ, ọpọlọ rẹ̀ a sì máa ṣe ọ̀lẹ. Ẹ mú bàbá lọ wẹtí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n ra ohun èlò ìgbọ́ràn fún wọn bí owó bá wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀, torí ó ń pa àwọn ìyá wa. Aláìsàn Alzheimer a máa rìn lóru. Ìyá tó jáde láago méjì òru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, àgbàlá ẹlòmíràn ni ilẹ̀ máa mọ́ bá wọn, ó lè jẹ́ pẹ̀lú ìdajì aṣọ lára. Àwọn èèyàn pé lé wọn lórí, wọ́n ní àjẹ́ tó já bọ́ ni. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé àwọn ni wọ́n pa ọmọ lágbájá, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti jẹ́wọ́. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà a máa gbà sí ohunkóhun tí wọ́n bá fi ẹnu líle bi í, torí ọpọlọ rẹ̀ kò ní ohun tó lè fi dá irọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí òótọ́, á sì fi ìtàn tó bá ṣáà ti bọ́ sí i lẹ́nu dí àlàfo ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ́ afárá Èkó, wọ́n lè ní àwọn ni. Ìjẹ́wọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé òkúta sọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ pa aláìsàn ni. Ẹ gbàdúrà fún wọn, ẹ pe wòlíì tàbí àlùfáà wá bẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹgba níbẹ̀, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sì sí ààwẹ̀ gbígbẹ fún arúgbó tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Báwo wá ni a ṣe ń bá wọn gbé? Ohun kan ni mo máa ń sọ fún gbogbo ìdílé: ìgbàgbé kì í kó ìmọ̀lára lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi fíìmù abanilọ́kànjẹ́ han àwọn tó ní Alzheimer. Láìpẹ́ wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n wò, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbàgbé pé àwọn wo fíìmù rárá, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́rọ̀ ayọ̀ rí. Nítorí náà, tí ẹ bá jágbe mọ́ màmá láàárọ̀, wọn ò ní rántí pé ẹ jágbe, wọ́n á sáà máa sunkún tàbí kí wọ́n máa bínú títí ọ̀sán, kò sì ní sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ìbẹ̀wò tí wọ́n gbàgbé kò já sí òfo.

Nítorí náà, ẹ má fi ìbéèrè kí wọn. “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?” Ìdánwò nìyẹn, níwájú ọmọ wọn ni wọ́n sì ti máa fìdí rẹmi. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ mà, èmi Bísí ọmọ yín ló dé.” Bí wọ́n bá pe Bísí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, kó jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan jí àpò owó àwọn, ẹ má sọ pé “Ẹ̀yin náà lẹ gbé e síbì kan,” ẹ ní, “Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jẹ́ ká jọ wá a.” Kí irú àpò bẹ́ẹ̀ méjì wà nílé, pẹ̀lú owó kéékèèké nínú rẹ̀.

Èyí tó le jù fún àwọn ọmọ ni tí màmá bá ń béèrè bàbá tó ti kú láti ọdún pípẹ́. Àwọn kan a ní irọ́ kò dára, wọ́n á sọ fún wọn pé bàbá ti kú. Màmá á kígbe, wọ́n á ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún béèrè. Ìgbà mélòó la fẹ́ pa ọkọ wọn mọ́ wọn lójú? Ẹ ní, “Ọ̀rọ̀ bàbá ń ṣe yín lónìí. Kí ni wọ́n máa ń fẹ́ jẹ nírú àsìkò yìí?” Wọ́n á sọ̀rọ̀ bàbá, ara wọn á sì balẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní í fẹ́ràn èyí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ìrọ̀lẹ́ le. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rìn káàkiri, wọ́n á ní kí wọ́n mú àwọn relé, nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́. Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má dúró de NEPA. Kí àtùpà oníbátìrì wà nítòsí. Ẹ dín oorun ọ̀sán kù. Ẹ ní, “A máa lọ, ẹ jẹ́ ká jẹun ná.” Gbogbo àdúgbò ni kó mọ̀ nípa àìsàn náà, ọlọ́kadà, ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ̀ṣọ́ òru, kí wọ́n lè dá wọn padà. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí ìró wọn. Ẹ fi ìkọ́ ilẹ̀kùn sókè níbi tí ojú wọn kò ní í sábà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ti àwọn nìkan mọ́lé láé, nítorí iná. Ẹ máa pa gáàsì láti orí sílíńdà. Ẹ kó kẹrosíìnì àti oògùn ẹ̀fọn tó wà nínú ìgò ohun mímu kúrò nílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè ṣa ẹ̀wà, wọ́n lè já ẹ̀fọ́, wọ́n lè ká aṣọ. Bí ẹ̀wà náà kò bá mọ́, ẹ tún un ṣà níbi tí wọn kò ti ní í rí yín. Ìwẹ̀ ń fẹ́ ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò jẹ́ kí ọmọ rí ìhòhò wọn rí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Kí obìnrin wẹ̀ fún obìnrin bó bá ṣeé ṣe, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìró wà lára wọn bí ẹ ti ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀ lónìí, ọ̀la ń bọ̀.

Ní ti oògùn, n kò ní í tan yín. Donepezil, rivastigmine àti memantine lè mú nǹkan rọrùn díẹ̀ fún àwọn kan fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò dá àìsàn náà dúró. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab ní 2023 àti donanemab ní 2024, tí wọ́n ń fà sí iṣan láti fi gbá ámílọ́ìdì kúrò. Wọ́n ń fa àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà níbẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ́n gan-an, wọ́n sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọpọlọ léraléra. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí wọ́n fi ń pa àwọn alárùn ọpọlọ lẹ́nu mọ́, bíi haloperidol: ó ń mú kí ikú àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i láàárín àwọn arúgbó tí iyè wọn ń rà. Dókítà tó mọ̀ ọ́n dunjú nìkan ló yẹ kó kọ ọ́, fún ìgbà kúkúrú. Ẹni tó bá sì ń ta ewé tàbí oògùn tó ní ó ń wo Alzheimer sàn, owó yín ló ń wá.

Ẹni tí àìsàn yìí ń wó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn ni ọmọ kan ṣoṣo tó ń tọ́jú wọn. Nínú gbogbo ìdílé, wọ́n ti yan ẹni náà láìpe ìpàdé: ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré lójú àwọn yòókù. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń fi owó ránṣẹ́. Wọ́n pè lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú, màmá kí wọn, màmá ṣàdúrà fún wọn, wọ́n sì ní, “Ara màmá le o, kí lẹ wá ń pariwo sí?” Ìkíni ti tún bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ wá sílé, kó dá wà pẹ̀lú màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì, lóru àti lọ́sàn-án, kí olùtọ́jú lọ sinmi níbòmíràn. Kí owó tó ń wọlé san ti ẹnìkan tó lè sun ọ̀dọ̀ wọn lálẹ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, torí àìsùn ló ń kọ́kọ́ wó olùtọ́jú. Ọmọ tó ń fọ ìgbẹ́ ìyá tí inú ń bí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí màmá ṣì lè sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ pe lọ́yà. Ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé báńkì? Níbo ni ìwé ilẹ̀ wà? Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pín ogún? Ọjọ́ tí wọn kò bá mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí mọ́, ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí di ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ń gbé ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ fún wọn, àwọn kan ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níkẹyìn wọn kò lè rìn, ọ̀rọ̀ á dínkù, oúnjẹ á máa há wọn lọ́fun. Ẹ gbé wọn jókòó gbọnrangandan kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, kó jẹ́ ẹ̀kọ tó ki tàbí ohun tó rọ̀, ṣíbí kékeré, kí ẹ dúró kí wọ́n gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Lórí ibùsùn, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí wọn nídìí. Oúnjẹ tàbí itọ́ tó gba ọ̀nà èémí lọ ló sábà ń fa òtútù àyà tó ń pa wọ́n. Nílé ìwòsàn, wọ́n lè béèrè bóyá kí wọ́n fi rọ́bà kó oúnjẹ sí wọn nínú. Ní ìpele yìí, rọ́bà náà kò mú ẹ̀mí gùn, kò sì dènà òtútù àyà. Fífi ọwọ́ fún wọn jẹ níwọ̀n tí wọ́n bá lè gbà sàn jù. Kí àwọn ọmọ ti sọ èyí láàárín ara wọn ṣáájú, kí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ náà lè dá dókítà lóhùn láìkọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni ní òkè òkun.